Òṣómàáló Tí Kì Í Dìde

Mo tọrọ àyè díẹ̀ nínú ìwé oṣooṣù wa yìí láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ oorun wa ni, àti ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn ní òru. Kòkòrò tí ará ilé wa ń jẹ nísinsìnyí ni fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, èmi pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ń jẹ ẹ́.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ ìtàn àwọn òṣómàáló. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ lérí, wọ́n rìn láti ìletò dé ìletò, láti ilẹ̀ Èkìtì títí dé òkè Ọya, wọ́n sì ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, bàbá yóò dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, yóò lóṣòó síbẹ̀, yóò sì wí pé, “Òṣó ni n óò máa ló títí n óò fi gba owó mi.” Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn kan a máa fi orúkọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n owó òṣómàáló ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà, òun ni ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Òtítọ́ mẹ́ta wà nínú òwò náà. Ẹni tí ó ra aṣọ mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ó mọ iye tí òun jẹ. Bí ó bá sì ti san án tán, òṣómàáló yóò dìde, yóò gbọn ẹ̀wù rẹ̀, yóò kí ará ilé pé ó dàbọ̀, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí ó ti wù kí lílóṣòó rẹ̀ pẹ́ tó, ó ní òpin.

Òṣómàáló mìíràn ti dé sí ẹnu ọ̀nà wa báyìí, òun ni àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí ayélujára: Facebook, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004, WhatsApp, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, Instagram, tí ó tẹ̀ lé e ní 2010, àti TikTok tí ó dé lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwìn ni wọ́n tà fún wa. Àwọn tí ń polówó ọjà ni ó ń san owó fún àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, bí ojú wa bá sì ti pẹ́ lórí fóònù tó ni owó tí wọ́n ń gbà ń pọ̀ tó. Àkókò wa ni gbèsè tí wọ́n wá gbà.

Kì í ṣe pé mo ń pa irọ́ mọ́ wọn. Ní 2017, Sean Parker, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ Facebook, jẹ́wọ́ ní gbangba pé ohun tí àwọn tí ó kọ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń rò ni ọ̀nà tí àwọn yóò fi gba àkókò àti ọkàn àwọn ènìyàn tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2006, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Aza Raskin ti ṣe àrà kan. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ènìyàn bá ka ojú ìwé kan tán lórí ayélujára, yóò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì ní láti tẹ nǹkan kí òmíràn tó ṣí. Ọ̀gbẹ́ni yìí mú ìsàlẹ̀ kúrò: bí ìka bá ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn yóò máa yọ, kò sì ní tán láéláé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni òṣómàáló tuntun fi yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wa. Èyí kì í dìde. Kò sí iye tí a lè san fún un tí yóò fi sọ pé ó tó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ohun gbogbo tí a jogún ní òpin. Akéde ọba yóò lu agogo, yóò sọ ohun tí a rán an, yóò sì padà sí ilé rẹ̀. Kò sí akéde tí ó tẹ̀ lé ènìyàn wọ yàrá. Bí alẹ́ bá lẹ́, ìyálọ́jà yóò palẹ̀ ọjà mọ́. Ẹ sì bi àwọn ìyá aláró Òṣogbo léèrè. Bí aṣọ bá wà nínú ìkòkò aró, kò tíì dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ a máa dà bí ewé tí ó ń pọ́n. Ìgbà tí aláró bá fà á yọ, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ni àwọ̀ aró tó jáde. Yóò tún rì í, yóò tún fà á yọ, títí yóò fi dúdú bí ó ti fẹ́. Ọkàn ènìyàn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ohun tí a rí, tí a gbọ́ àti ohun tí a kà kò lè di ọgbọ́n fún wa bí a kò bá yọ orí síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Nígbà Ìwúde ní Iléṣà, tàbí nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ ní Òṣogbo, aṣọ tí ó dára jù lọ ni olúkúlùkù ń wọ̀ jáde. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ọjọ́ ọdún ni. Bí ọdún bá kọjá, a ó ká aṣọ sínú àpótí, a ó tún rí ara wa nínú aṣọ iṣẹ́. Lórí Instagram àti Facebook, ojoojúmọ́ ni ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí kò sì tíì rí iṣẹ́, yóò jókòó nínú yàrá rẹ̀, yóò máa wo mọ́tò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ilé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ àti ìgbéyàwó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Kò rí gbèsè tí ó wà lẹ́yìn mọ́tò náà, kò sì gbọ́ ẹkún tí ó wà nínú ilé náà. Yóò rò pé nínú gbogbo ayé, òun nìkan ni orí òun kò gbe. Ilẹ̀ yóò ṣú, ilẹ̀ yóò mọ́, kò ní sùn. Bí àwa àgbà bá sì rí i ní òwúrọ̀, a ó ní ọ̀lẹ ni.

Àwọn onímọ̀ ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Dókítà Vivek Murthy, ẹni tí ó jẹ́ àgbà oníṣègùn fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ fún àwọn òbí pé ewu ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn di ìlọ́po méjì fún ọ̀dọ́ tí ó bá ń lo ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́ lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: ṣé fóònù ni ó ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì ni, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì ni ó ń sá lọ sí ìdí fóònù? Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a rí ní Yunifásítì Pennsylvania ní 2018. A kó akẹ́kọ̀ọ́ 143 jọ, a sì ní kí apá kan nínú wọn má lo Facebook, Instagram àti Snapchat ju ìṣẹ́jú 10 lọ lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ìrònú ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn dínkù ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a fi sílẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò gba fóònù lọ́wọ́ wọn. A kàn dá àkókò ìdìde fún òṣómàáló ni.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá dé orí ọ̀ràn fóònù, àwọn ọmọdé ni a máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń tari ọ̀rọ̀ ní agogo méjì òru nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti ẹbí? Ta ni ó ń fi àwòrán ìjàm̀bá ọkọ̀ ránṣẹ́ kí a tó jẹ oúnjẹ òwúrọ̀? Ọ̀nà ni a ń gbà túfọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó yẹ ni a ń rán, a ó mú ọmọ olóògbé jókòó, a ó fi òwe bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ yóò sì wà ní èjìká rẹ̀ kí ó tó gbọ́. Lóde òní, ọmọ wà ní ẹnu iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, yóò ṣí fóònù, yóò rí àwòrán ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí ó sùn un re. Àgbà ni ó fi í síbẹ̀, kì í ṣe ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà ni àrùn Ebola wọ Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí fóònù káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn án. A jí àwọn ọmọ dìde lójú oorun, a sì da omi iyọ̀ sí wọn lára. Àwọn oníṣègùn kígbe pé irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú nítorí iyọ̀ àmujù náà, àwọn mìíràn sì di èrò ilé ìwòsàn. Ìyá ni ó tari rẹ̀ sí ọmọ, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, olórí ẹbí sí gbogbo ẹbí, ìfẹ́ ni ó sì mú wọn ṣe é. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́, ìfẹ́ ẹni tí ó jù ú kò sì lè kó o jọ.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní òru ọjọ́ kan, mo jókòó ti fóònù láti agogo 11 títí àkùkọ fi kọ, mo ń bá ẹnì kan tí n kò mọ ojú rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oyè ìlú kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ mi wá kí mi, mo sì jágbe mọ́ ọn. Kò ṣẹ̀ mí. Ó wò mí, ó wo fóònù tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ẹnu láti fi bá ọmọ wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àfi bí mo bá kọ́kọ́ fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a kó fóònù wa jù sí odò Ọ̀ṣun. Ìyá tí ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní alaalẹ́, tí ó sì ń rí ojú ọmọ-ọmọ tí kò tíì gbé rí, mọ oore rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó ń ta àdìrẹ láti Òṣogbo fún àwọn oníbàárà tí kò mọ ìlú wa mọ èrè rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ìlú gbà á, òwò sì gbèrú. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹní sùn sórí irin rẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba kúkú ti ilẹ̀kùn. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera, àwọn ọmọ wa sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú láti gbà wọlé. Ilẹ̀ Australia ti ṣe òfin tirẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025, pé ọmọ tí kò tó ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńláńlá. Ó lè ṣe rere. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ọmọdé tí ó lè kọ́ bàbá tí ó fi fóònù ṣe ìrọ̀rí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́rin wá síwájú yín.

Èkínní, kí fóònù ní ibùsùn tirẹ̀. Kí ó jẹ́ ní pálọ̀ ni a ti ń fún un ní iná, kí gbogbo ilé, bàbá àti ìyá ní àkọ́kọ́, gbé e síbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí a má sì fọwọ́ kàn án títí a ó fi jí, tí a ó kí ara wa, tí a ó sì gbàdúrà.

Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa máa sùn. Alábòójútó ẹgbẹ́ lè tò ó kí ó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ni ó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ títí di agogo méje òwúrọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró di òwúrọ̀, ẹ pe ẹni tí ó kàn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí a kò bá mọ ẹni tí ó ni ín, kí ó kú sọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, WhatsApp pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ tí a ti tari púpọ̀púpọ̀ kò gbọdọ̀ lọ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ náà ní irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dínkù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdíwọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ bá lè so irọ́ lẹ́sẹ̀, mélòó-mélòó ni sùúrù àgbà!

Ẹ̀kẹrin, kí a máa wọn ohun tí a ń lò. Àwọn àgbà Ìmẹ̀sí-Ilé yóò rántí Dókítà David Morley, tí ó wá láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní àwọn ọdún tí ó sún mọ́ 1960, ó fún àwọn ìyá ní káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń wà. Bí ìlà tí a fà sórí rẹ̀ bá dẹ́kun àti máa gòkè, a ó ti mọ̀ kí àìsàn tó dá ọmọ dùbúlẹ̀. Irú káàdì náà tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àgbáyé. Fóònù wa pẹ̀lú ní káàdì tirẹ̀ nínú. Láti 2018 ni Apple àti Google ti ń fi í sí i, tí ó ń ka wákàtí tí a lò lójúmọ́. Kí olúkúlùkù ṣí i ní òpin ọ̀sẹ̀, kí bàbá fi tirẹ̀ han ọmọ kí ó tó béèrè ti ọmọ. Ẹnu yóò yà wá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Àkókò tí a bá gbà padà lọ́wọ́ òṣómàáló yìí, kí ni a ó fi ṣe? Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1954, kò ti gbogbo àwọn tí ara ọpọlọ wọn kò yá mọ́ inú ilé. Ó fi púpọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ará ilé wọn kan tí ó tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú oníṣègùn láti ibẹ̀. Òun tí ó kàwé ní ìlú òyìnbó mọ̀ pé ìjókòó pẹ̀lú ènìyàn wà lára oògùn. Ìyẹn ni kí a fi rọ́pò fóònù. Kí a tún máa pa àlọ́ ní alẹ́. Kí a máa yà sí ilé ara wa láìní ìdí kan pàtó. Bí ọ̀dọ́ kan bá ti ń yẹra fún ènìyàn, tí kò sùn, tí kò sì jẹun, kí a má ṣe fi àdúrà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí a sì rò pé a ti ṣe tiwa. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó tì í, bí ó bá sì ju agbára yín lọ, ẹ mú un tọ dókítà lọ láìtijú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé agbọ̀n kan sí ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù fi fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó tó jókòó. Gbogbo wa ni ó ń ṣí fìlà níwájú Kábíyèsí. Fóònù nìkan ni kò tíì ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni rí. Òṣómàáló àwọn bàbá wa mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde. Èyí kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní í mọ̀ ọ́n. Àwa ni kí a gbé e dìde, kí ilé wa lè tòrò, kí àwọn ọmọ wa sì lè sùn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
ỌMỌ ÒṢÓMÀÁLÓ